Ìgbéyàwó, Ìkọ̀sílẹ̀ àti Òfin Ẹbí ní Ṣábẹ̀ẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Àwọn Ènìyàn Gbàgbọ́ àti Ohun tó Wà nínú Òfin

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ òfin ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè Benin ń kọ ní Savè, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí tọmọdé tàgbà ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ lé lórí tó ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, agbára káká náà sì ni a fi lè rí èyí tí ìdánilójú wọn jìnnà sí ìwé òfin tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a ní bí ẹbí ìyàwó bá ti dá owó orí padà, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn. Àwọn kan a ní obìnrin kò gbọdọ̀ pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn kan a ní bàbá ló lọmọ, kò sí ohun tí adájọ́ lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n ń wo fíìmù, a sì ní obìnrin tó bá ti dé ilé ẹjọ́ yóò gba ìdajì ohun gbogbo tí ọkọ ní. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò gbé àwọn èrò wọ̀nyí síwájú òfin Benin lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀kan ju ìyókù lọ, nítorí pé èyí tó ń ṣe àwọn ènìyàn níbi jù kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ìkọ̀sílẹ̀ bí kò ṣe ìgbéyàwó fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń jiyàn lórí bí a ṣe ń kọ ara ẹni sílẹ̀ ni òfin kò mọ̀ ní tọkọtaya rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn èrò náà ti wá, nítorí pé ẹni tó ń sọ wọ́n kò purọ́. Òfin tó ti kú ni ó ń tọ́ka sí. Nílẹ̀ Yorùbá, àdéhùn láàrin agbo ilé méjì ni ìgbéyàwó jẹ́, alárinà ló ń bá wọn pa á pọ̀, ìdána ló sì ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà àwọn agbo ilé méjèèjì tí wọ́n so ó ni wọ́n lágbára láti tú u. Ìkọ̀sílẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kò gbọ́ rí. Obìnrin tí ilé ọkọ bá sú lè padà sí ilé bàbá rẹ̀ kí ó di ilémoṣú, tàbí kí ó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn tí yóò san owó orí padà fún ọkọ àkọ́kọ́. Ní àwọn ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, ó tilẹ̀ lè sá wọ ààfin kí ó di òpó ààfin mú, láti ìgbà náà ni ó sì ti bọ́ sábẹ́ ààbò ọba títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi yanjú. Ẹni tó bá ní òde òní ni àwọn obìnrin kọ́ bí a ṣe ń fi ọkọ sílẹ̀, kò tí ì bi àwọn àgbà léèrè.

Ìjọba Faransé tó gba ilẹ̀ Dahomey, bí a ti ń pe Benin nígbà náà, kò pa àṣà yìí rẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ náà sì le ju àṣà lọ. Ìwé tí wọ́n pè ní Coutumier du Dahomey, tó jáde ní 1931, kó àṣà ìbílẹ̀ jọ fún ìlò àwọn ilé ẹjọ́ tó ń dá ẹjọ́ ọmọ onílẹ̀, ohun tí ẹbí lè jókòó tún rò tẹ́lẹ̀ sì wá di ìlà inú ìwé, títí kan èyí tó sọ pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ Mandel ti 15 oṣù Kẹfà 1939 dé, tó béèrè pé kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ra fọwọ́ sí i, kí ọmọbìnrin sì ti pé ọdún 14, kí ọmọkùnrin pé 16; àṣẹ Jacquinot ti 14 oṣù Kẹsàn-án 1951 tẹ̀ lé e, ó gbìyànjú láti fi òpin sí iye owó orí tí àwọn òbí lè béèrè. Àwọn àṣẹ méjèèjì kò wọlé jìnnà. Ohun tó wọlé tó sì dúró ni èrò inú Coutumier pé àṣà ni òfin ìgbéyàwó, pé ọkùnrin ni àṣà náà sì ń gbè.

Coutumier náà pẹ́ láyé ju ìjọba tó kọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, àwọn adájọ́ Benin ṣì ń lò ó, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ń Ṣọ́ Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní Cour constitutionnelle, fi ìpinnu rẹ̀ DCC 96-063 ti 26 oṣù Kẹsàn-án 1996 sọ pé kò ní agbára òfin mọ́. Ohun tó sì rọ́pò rẹ̀ gba ọdún mẹ́jọ mìíràn kí ó tó dé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dìbò fún ìwé òfin tuntun kan nípa ènìyàn àti ẹbí ní oṣù Kẹfà 2002, èyí tó fún ọkùnrin láyè láti yan ìgbéyàwó oníyàwó kan tàbí oníyàwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní 23 oṣù Kejìlá ọdún náà, ìpinnu DCC 02-144 da apá yìí nù, nítorí pé a kò lè fún ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ láti ní aya púpọ̀ nígbà tí a kò fún obìnrin ní ju ọkọ kan lọ, kí a sì tún ní a ń bọ̀wọ̀ fún Abala 26 nínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ti 11 oṣù Kejìlá 1990, tó sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Àwọn aṣòfin tún un ṣe, a sì fi ọwọ́ sí i ní 24 oṣù Kẹjọ 2004. Òun ni Òfin 2002-07, Code des personnes et de la famille, tí a ó máa pè ní Ìwé Òfin Ẹbí láti ibí lọ. Abala 143 rẹ̀ sọ pé ìgbéyàwó oníyàwó kan nìkan ni ìjọba mọ̀. Ní ìparí ìwé òfin náà, ó sọ pé àṣà kò ní agbára òfin mọ́ nínú ohunkóhun tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbólóhùn kan péré ni ìyẹn, síbẹ̀ òun ló yí ohun gbogbo padà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò tí ì gbọ́.

Ibí yìí ni a ti dé orí àṣìṣe tó bí àwọn yòókù. Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Òfin Ẹbí ti wí, ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àkọsílẹ̀ bá so nìkan ló ní ipá lábẹ́ òfin; òṣìṣẹ́ náà ni olórí ìlú tí a dìbò yàn tàbí ẹni tó bá fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ibi tí wọ́n sì ti ń so ó ni ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń pè ní mérì. Ìdána kò di èèwọ̀. Abala 142 sọ pé àmì lásán ni ó jẹ́, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé bí a bá san án, ó dára, bí a kò bá san án, ìgbéyàwó mérì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, bí a bá sì san án tí a kò dé mérì, kò tí ì sí ìgbéyàwó lójú òfin. Yìgì tí àáfà so àti ìbùkún tí àlùfáà fún tọkọtaya nínú ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ipò kan náà: wọ́n ṣe iyebíye lójú ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè fi wọ́n dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ọdún tí a ti jọ gbé pọ̀ kò sì yí èyí padà. Ogún ọdún àti ọmọ márùn-ún kò sọ ẹni méjì di tọkọtaya lábẹ́ òfin Benin, bí ìyàwó tilẹ̀ ti di ìyá ilé tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé àìmọ̀wé ló ń fa irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin 1753 ti sọ pé ìgbéyàwó tí kò tẹ̀lé ìlànà kò ní ipá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbàgbọ́ títí di òní pé àwọn tó bá ti bá ara wọn gbé pẹ́ ti di tọkọtaya, wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ pàtó fún un. Ọmọ Yorùbá tó ṣe ìdána aláriwo ní London tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wà nínú ọ̀fìn kan náà pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì aládùúgbò rẹ̀. Ohun tó mú ti Ṣábẹ̀ẹ́ le sí i ni pé ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ló wà láàrin àṣà àti òfin níbẹ̀: ìdána ni gbogbo ìlú ń pè ní ìgbéyàwó, ti mérì sì ni wọ́n ń pè ní ìwé, bí ẹni pé ohun ọ̀ṣọ́ ni, tí olówó lè ṣe tí aláìní sì lè fi sílẹ̀. Òdìkejì gan-an ni òfin sọ.

Láti ibí ni a ti lè lóye ọ̀rọ̀ owó orí tí a dá padà. Àwọn tí wọ́n fẹ́ra lójú ẹbí nìkan, tí wọ́n sì tú u lójú ẹbí, kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, nítorí pé òfin kò ní ohun tí yóò tú níbẹ̀. Ẹni tí èrò yìí ń dè mọ́lẹ̀ ni ẹni tó ti lọ sí mérì. Bí bàbá ìyàwó tilẹ̀ kó gbogbo ìdána padà láìku aṣọ kan, tí àjọ ẹbí méjèèjì bu omi mu lé e lórí, àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ tọkọtaya títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin náà bá lọ so ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn ní mérì ìlú mìíràn, asán ni ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì tún ti rú òfin ìjọba. Bí ó bá kú, aya tó wà nínú ìwé ló máa jókòó gẹ́gẹ́ bí opó níwájú adájọ́ ogún, bí ó tilẹ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá nílé bàbá rẹ̀.

Apá kan nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí wá láti ìlà oòrùn. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 10 oṣù Kẹjọ 1889 ló pín àwọn Yorùbá sí abẹ́ òfin méjì, ó sì fi Ṣábẹ̀ẹ́ sí apá Faransé. Ṣùgbọ́n kò pín ìbátan, kò pín ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò dí etí tó ń gbọ́ rédíò. Ní Nàìjíríà, òfin mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ sì lè tú u ká: gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ló mọ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n ń gbọ́ ní Mápó ní Ìbàdàn. Ìgbéyàwó tí a so lábẹ́ òfin ìjọba, tí wọ́n ń pè ní ti kọ́ọ̀tù, yàtọ̀ sí èyí: ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u, gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 tó dá lórí ẹjọ́ tọkọtaya ti wí. Obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ tó gbọ́ pé àbúrò rẹ̀ ní Ṣakí gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ lórí ìgbéyàwó tí kò sí ìwé rẹ̀ kò gbọ́ irọ́; òfin ilé onílé ni ó gbọ́. Ní Togo náà, òfin 6 oṣù Keje 2012 ṣì gba ọkùnrin láyè láti yan oníyàwó púpọ̀, nígbà tí Côte d'Ivoire ti fòpin sí i láti oṣù Kẹwàá 1964. Ní agbègbè tí ènìyàn lè jẹun àárọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan kí ó sì sùn ní òmíràn, kò yani lẹ́nu pé òfin mẹ́rin a máa dà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kan.

Fún àwọn tí wọ́n dé mérì, ìkọ̀sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni ti ìfẹnukò, nígbà tí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ṣe mọ́, tí wọ́n sì ti ṣètò ọ̀rọ̀ ọmọ àti dúkìá. Síbẹ̀ adájọ́ ló gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò kí ó tó fàṣẹ sí i. Èkejì ni ti ẹni kan tó ń béèrè, ọkùnrin tàbí obìnrin, láìsí ìyàtọ̀ kankan nínú ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdí wá: àgbèrè, ìlùkulù tàbí ìwọ̀sí tó mú kí ìgbé-ayé pọ̀ di ohun tí kò ṣeé ṣe, kíkọ ẹbí tàbí ilé sílẹ̀, àìgbọ́ bùkátà, ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n lórí ìwà ìtìjú, tàbí kí ìgbé-ayé pọ̀ ti dáwọ́ dúró. Nípa àgbèrè, àwọn ọkùnrin kan ṣì rò pé ti obìnrin nìkan ni òfin ń kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan nínú òfin ọ̀daràn tí Faransé fi sílẹ̀, tó ń jẹ obìnrin níyà níbikíbi tí ó bá ti ṣe é, tí kò sì fọwọ́ kan ọkùnrin àyàfi bí ó bá mú àlè wá sínú ilé tọkọtaya. Ìpinnu DCC 09-081 ti 30 oṣù Keje 2009 ló sọ pé ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè. Nínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ti ọkọ àti ti aya wọ̀n bákan náà.

Èrò mìíràn tó tan kálẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti kó ẹrù rẹ̀ jáde ti kọ ẹnì kejì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ń lọ ṣiṣẹ́ oko àti òwò ní Nàìjíríà, tí àwọn kan nínú wọn kì í sì í padà. Aya tó dúró kò di òmìnira nítorí pé ọkọ kò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí àìpadà náà fún un ni ìdí tí ó lè gbé lọ síwájú adájọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà, obìnrin tó bá sá kúrò nítorí ìlùkulù kì í tìtorí pé ó sá di ẹlẹ́bi, bí àwọn ará ilé ọkọ ti máa ń sọ fún un kí ó lè padà. Ṣùgbọ́n ó dára kí ó ní ẹ̀rí ohun tó lé e jáde, ìwé dókítà tàbí ẹ̀sùn tí ó fi sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí pé ìtàn ẹnu nìkan kì í sábà tó. Òfin 2011-26 ti 9 oṣù Kìíní 2012, tó dá lórí ìwà ipá sí obìnrin, mú kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìkọ̀sílẹ̀: obìnrin tí kò tí ì pinnu láti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè fẹ̀sùn ìlùkulù kàn án, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí kò dé mérì rí.

Adájọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyapa. Òfin pa á láṣẹ fún un pé kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà, kí ó pe àwọn méjèèjì, kí ó gbọ́ ti ọkùnrin, kí ó gbọ́ ti obìnrin. Bí wọn kò bá gbọ́ ìpẹ̀, ìgbà náà ni yóò ṣètò ohun tó kan ibùgbé, ọmọ àti owó jíjẹ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹni tó mọ bí àjọ ẹbí ti ń ṣe é kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí, ó sì jọ pé ibi kan ṣoṣo nìyí tí ìwé òfin àti àgbàlá àwọn àgbà ti fi ojú kan náà wo ìgbéyàwó. Àwọn tó tilẹ̀ gbà pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, bí àwọn Kátólíìkì ti gbà, ní ọ̀nà kan tí wọn kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀: òfin mọ ìyapa ibùgbé, èyí tó gba tọkọtaya láyè láti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ àṣẹ adájọ́ láì tú ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá sì yan ìkọ̀sílẹ̀, ìdájọ́ ìjọba kò tú ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lójú ṣọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin Mùsùlùmí sọ láti fi kọ aya sílẹ̀ kò ti tú ìgbéyàwó mérì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rò pé àwọn ti parí ní ibì kan, tí wọ́n sì ṣì wà lórí ìdè ní ibòmíràn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, àṣà sọ pé ìdílé bàbá ló ni ín, ó sì jẹ́ òtítọ́ pé oríkì, èèwọ̀ àti ilẹ̀ ń tọ ọ̀nà bàbá lọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ bí ó ti ń ṣe ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Òfin kò bá oríkì jà. Ohun tí ó ń béèrè nígbà ìkọ̀sílẹ̀ ni ibi tí ire ọmọ gbé wà, Òfin 2015-08 ti 8 oṣù Kejìlá 2015, tó jẹ́ ìwé òfin nípa ọmọdé, sì fi ire yìí ṣáájú ohun gbogbo; nítorí náà ìyá lè gba ìtọ́jú ọmọ, bàbá náà sì lè gbà á, ẹni tí kò bá gbà á ní ẹ̀tọ́ láti máa rí ọmọ, ó sì gbọ́dọ̀ kópa nínú bùkátà rẹ̀. Àṣìṣe àwọn ìyá kan wà níbí pẹ̀lú, tí wọ́n rò pé òfin tuntun ti sọ gbogbo ọmọ di tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 2021-13 ti 20 oṣù Kejìlá 2021 tún Ìwé Òfin Ẹbí ṣe, lára ohun tó sì mú wá ni pé ọmọ lè jẹ́ orúkọ ẹbí ìyá pẹ̀lú ti bàbá, èyí tó mú ariwo wá nílé ọtí àti ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n orúkọ jíjẹ́ kò pinnu ẹni tí ọmọ yóò máa bá gbé.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àwọn tí kò dé mérì wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Bí òfin kò tilẹ̀ mọ ìyá náà ní aya, ó mọ ọmọ náà ní ọmọ, níwọ̀n ìgbà tí bàbá bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìbí tàbí tí ilé ẹjọ́ bá ti sọ pé òun ni bàbá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó mérì, ọkùnrin dọ́gba pẹ̀lú obìnrin, nínú bùkátà àti nínú ogún. Ìyá lè gbé ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ lọ síwájú adájọ́ láì ní ìwé ìgbéyàwó kankan. Ìwé ìbí tí orúkọ bàbá wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, bí ìwé náà kò bá sì sí, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ dúkìá ni ó kù, níbẹ̀ sì ni ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn ti yí padà sí òdìkejì. Pípín ohun tí tọkọtaya kó jọ nínú ìgbéyàwó sí ìdajì jẹ́ òfin ní California àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan ní Amẹ́ríkà, fíìmù ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Benin, bí tọkọtaya kò bá yan ohun mìíràn, ètò dúkìá wọn ni ti olúkúlùkù-ló-ni-tirẹ̀: ohun tí ọkọ rà jẹ́ ti ọkọ, ohun tí aya rà jẹ́ ti aya, ìkọ̀sílẹ̀ kò sì pa wọ́n pọ̀. Wọ́n lè yan ètò àjọni, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè lọ́nà tí ó yé wọn ní ọjọ́ tí ìlù ti ń dún lóde mérì.

Ètò olúkúlùkù-ló-ni-tirẹ̀ dára fún obìnrin oníṣòwò tí kò fẹ́ kí ọkọ fọwọ́ kan owó ọjà rẹ̀, ó tilẹ̀ jọ bí àwọn obìnrin Yorùbá ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, tí àpò ìyàwó kì í ṣe àpò ọkọ. Oko ni kò bá mu. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti gbogbo ẹkùn Collines kún fún oko kajú, igi tí a gbìn lónìí tí yóò máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ilẹ̀ ìdílé ọkọ ni wọ́n sì sábà máa ń gbìn ín sí. Aya a bá wọn gbìn, a bá wọn roko, a ṣa èso, a sì gbé e lọ tà. Bí ìwé bá tilẹ̀ wà lórí oko náà lábẹ́ Òfin 2013-01 ti 14 oṣù Kẹjọ 2013 tó tún ètò ilẹ̀ Benin ṣe, orúkọ ọkọ ni ó sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, igi àti ilẹ̀ di ti ọkọ, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún iṣẹ́ aya sì di ìrànlọ́wọ́. Adájọ́ lè fi owó ìtọ́jú tàbí owó ìtanràn lé ẹni tí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan igi. Ibi tí Ìwé Òfin Ẹbí ti já àwọn obìnrin oko kulẹ̀ jù lọ nìyí, kì í sì í ṣe àìmọ̀ àwọn ènìyàn ló fà á. Àwọn tó kọ ọ́ ń wo tọkọtaya olówó oṣù ní Cotonou, níbi tí olúkúlùkù ní ìwé owó oṣù tirẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí ni pé kí ẹni tó bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ tàbí tó náwó sí i fi ẹ̀rí hàn pé àjọṣe òwò ló wà láàrin wọn, tí a ó sì pín in bí a ti ń pín òwò. Ọ̀nà náà ṣí fún aya mérì àti fún ẹni tí kò dé mérì, ṣùgbọ́n ìwé ni ó ń béèrè, oko kajú kì í sì í fúnni ní rìsíìtì.

Kò pẹ́ tí a fi lè sọ ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníyàwó méjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà ní mérì, ti èkejì kò lè wà níbẹ̀. Aya àkọ́kọ́ lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀, aya kejì kò lè béèrè, bí ọkọ bá sì kú, àwọn ọmọ aya kejì yóò jogún, òun fúnra rẹ̀ kò ní jogún. Ẹbí kò sì ní agbára mọ́ láti ṣú u lópó fún àbúrò olóògbé, nítorí pé kò sí ìgbéyàwó kankan tí òfin mọ̀ láìsí ìfọwọ́sí ẹni tí a fẹ́ gbé níyàwó.

Ẹni tó bá ní ẹjọ́ gidi ní Ṣábẹ̀ẹ́ yóò kọ́kọ́ bá àwọn àgbà pàdé, lẹ́yìn wọn yóò bá ilé ìpẹ̀tù ẹjọ́ tí a ń pè ní tribunal de conciliation pàdé, yóò sì tún bá ilé iṣẹ́ ọ̀ràn ìdílé ti ìjọba pàdé, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí CPS fún ọdún púpọ̀ kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí GUPS. Gbogbo wọn lè pẹ̀tù, wọ́n lè bá wọn ṣe àdéhùn lórí owó oúnjẹ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin Benin, AFJB, sì ti ń ṣàlàyé òfin yìí fún àwọn ará ìlú láti ìgbà tí ó ti jáde. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè tú ìgbéyàwó. Iṣẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, tribunal de première instance, ni ìyẹn, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ oko tí ó ń náni sì wà lára ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fara mọ́ ìwé tí olóyè àdúgbò bá tẹ òǹtẹ̀ lù.

Kódà ìdájọ́ kọ́ ni òpin ọ̀nà. Lẹ́yìn tí àkókò pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá ti kọjá, a gbọ́dọ̀ mú un padà lọ sí mérì tí ìgbéyàwó ti wáyé, kí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ti ìbí àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ti borí nílé ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá tún fẹ́ so ìgbéyàwó, orúkọ ọkọ tàbí aya àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ yóò bá nínú ìwé, yóò sì ní kí ó padà sílé.